Igún 400, ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ lọ́dọọdún: bí a ṣe ń ṣírò iye tó máa kù

Bí ìdánwò WAEC bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ìbéèrè kan ni àwọn òbí àti àwọn ọmọ máa ń fi ránṣẹ́ sí mi jù lórí WhatsApp. Ó lè jẹ́ ẹja, ó lè jẹ́ èrò ìlú, ó lè jẹ́ ẹranko inú igbó, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀: nǹkan kan ń dín kù ní ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, lẹ́yìn ọdún báyìí, mélòó ló máa ṣẹ́kù? Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kubwa lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá kan tún ṣí ìwé ọmọ rẹ̀ hàn mí. Bírò pupa ti bo ojú ewé náà. Ọmọ yẹn mọ ìṣirò dáadáa. Àṣìṣe kan péré ló ṣe, ó sì tún un ṣe nínú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: iye kan náà ló ń yọ kúrò lọ́dọọdún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú kí a tó lọ síwájú. Ìdá tó ń lọ kì í lọ lára ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀. Lára ohun tó ṣẹ́kù ló ti ń lọ. Bí ohun tó ṣẹ́kù bá ti ń kéré sí i, iye tó ń lọ náà á máa kéré sí i. Èyí ni àwọn olùkọ́ ń pè ní exponential decay.

Igún ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Òkè Ọya mọ̀ ọ́n; ungulu ni àwọn Hausa ń pè é. Òun ló máa ń to ara rẹ̀ sórí òrùlé ibi ìpẹran, òun ló ń bá wa kó òkú ẹran nílẹ̀. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa ti wà lára àwọn ẹyẹ tí àjọ IUCN, tó ń rí sí ààbò àwọn ẹ̀dá lágbàáyé, sọ láti ọdún 2015 pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Lónìí, wọ́n ń tà á lọ́jà fún oògùn, májèlé tí wọ́n fi sára ẹran sì ń pa àwọn mìíràn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò

Ẹ ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀:

- Iye tí a fi bẹ̀rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ká sọ pé igún 400 ló wà ní àgbègbè kan.
- Ìdá tó ń lọ. Ká ní 6% ni.
- Àsìkò tí ìdá náà ń lò láti lọ: ṣé lọ́dọọdún ni, ṣé lóṣooṣù?
- Iye ìgbà tí a fẹ́ kà. Ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún 5.

Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá sí níbẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ní kí ẹ wá. Ẹ fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀.

Ìṣirò náà, ní ìgbésẹ̀ márùn-ún

1. Ẹ yí ìdá tó ń lọ sí póìǹtì. 6% túmọ̀ sí 6 tí a pín sí ọ̀nà 100, ìyẹn 0.06. Kì í ṣe 0.6.

2. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1 kí ẹ lè rí ìdá tó kù: 1 − 0.06 = 0.94. Nọ́ńbà yìí ni ọkàn ìṣirò náà. Bí 6 bá lọ nínú 100, 94 ló kù, ohun tó kù sì ni à ń wá.

3. Ẹ gbé ìdá tó kù lé iye ọdún. Ìyẹn ni pé kí ẹ kọ 0.94 lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sì sọ wọ́n di púpọ̀ papọ̀: 0.94 × 0.94 × 0.94 × 0.94 × 0.94 = 0.7339. Lórí ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ tẹ 0.94, ẹ tẹ bọ́tìnì ^ tàbí xʸ, kí ẹ wá tẹ 5.

4. Ẹ fi ohun tí ẹ rí sọ iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ di púpọ̀: 400 × 0.7339 = 293.56.

5. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó sọ ọ́ di odindi. Kò sí igún tó jẹ́ ààbọ̀, nítorí náà nǹkan bí igún 294 ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ ní ìlà kan:

P = P₀ × (1 − r)ᵗ

P₀ ni iye ìbẹ̀rẹ̀, r ni ìdá tó ń lọ, t ni iye ìgbà, P ni ohun tó kù.

Mo ti rí i pé orúkọ tí à ń pe ìṣirò yìí máa ń da àwọn ọmọ láàmú. "Ìsọdipúpọ̀" ni, báwo ló ṣe wá ń dín kù? Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé bí nọ́ńbà tí a fi ń sọ nǹkan di púpọ̀ kò bá tó 1, ńṣe ni nǹkan ọ̀hún máa kéré sí i. Bí 1.5 bá sọ ọ́ di púpọ̀, yóò pọ̀. Bí 0.94 bá sọ ọ́ di púpọ̀, yóò dín. Ẹ̀kọ́ yẹn ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, àmọ́ ó máa ń là wọ́n lójú.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ lọ́dọọdún:

- Ọdún 1: 376
- Ọdún 2: 353.44
- Ọdún 3: 332.23
- Ọdún 4: 312.30
- Ọdún 5: 293.56

Ọdún kìíní, igún 24 ló lọ. Ọdún karùn-ún, kò tó 19. Ìdá náà kò yí padà rárá. Ohun tó ti ń jẹ ló kéré sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń gba òdo

*Yíyọ iye kan náà lọ́dọọdún.* Èyí ni àṣìṣe ọmọ ìyá yẹn. Ó ní 6% nínú 400 jẹ́ 24, ọdún 5 sì jẹ́ 120, nítorí náà 280 ló kù. Ó jìnnà díẹ̀ péré sí 294, ìdí nìyẹn tí kò fi yà á lẹ́nu. Ẹ wá na ọdún náà sí 20 kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀: 24 lọ́nà 20 jẹ́ 480. A ó wá yọ 480 kúrò nínú 400? Igún mélòó ló kù nígbà yẹn? Ìdáhùn tó tọ́ ni 400 × 0.94²⁰ = 116. Bí ọmọ yín bá ń ṣe àṣìṣe yìí, ẹ má bá a jà, ọdún 20 ni kí ẹ ní kó ṣe. Òun fúnra rẹ̀ á rí i.

*Gbígbé ìdá tó lọ lé ọdún dípò ìdá tó kù.* Ẹni tó bá kọ 400 × 0.06⁵ yóò rí nọ́ńbà tí kò tó igún kan. Bí ìdáhùn yín bá já wálẹ̀ báyìí nígbà tí 6% péré ń lọ, ìgbésẹ̀ kejì lẹ fò.

*Gígé póìǹtì kù láìtíì débẹ̀.* Bí ẹ bá gé 0.7339 sí 0.7 kí ẹ tó sọ 400 di púpọ̀, 280 lẹ ó rí. Ẹ ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà kan náà ni pẹ̀lú ti ẹni tó ń yọ 24 lọ́dọọdún! Ẹni tó ń máàkì lè rò pé ọ̀nà tí kò tọ́ lẹ gbà. Ẹ fi ó kéré tán nọ́ńbà mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́yìn póìǹtì títí ẹ ó fi dé òpin.

*Pípa oṣù pọ̀ mọ́ ọdún.* Bí 2% bá ń lọ lóṣooṣù, kì í ṣe 24% ló ń lọ lọ́dún. 0.98¹² jẹ́ 0.7847, nítorí náà 21.5% ló lọ. Bí ìbéèrè bá sọ oṣù, ẹ jẹ́ kí t jẹ́ iye oṣù. Ọdún 3 á wá di 36.

*Kíka ọdún ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.* Láti 2015 dé 2025, ọdún 10 ni, kì í ṣe 11. Ẹ yọ ọdún kékeré kúrò nínú ọdún ńlá, ó tán.

Bí ọdún ni wọ́n ní kí ẹ wá

"Ìgbà wo ni igún 400 yìí máa ku 100?" Ibí ni log (bọ́tìnì tó ń bá wa wá iye ìgbà tí a gbé nọ́ńbà lé) ti ń wọlé, ibí náà sì ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn ọmọ. Ẹ fara balẹ̀ tẹ̀ lé mi.

1. Ẹ pín ohun tó máa kù sí iye ìbẹ̀rẹ̀: 100 ÷ 400 = 0.25.
2. Ẹ wá log rẹ̀: log 0.25 = −0.6021.
3. Ẹ wá log ìdá tó kù: log 0.94 = −0.0269.
4. Ẹ fi èkejì pín èkíní: −0.6021 ÷ −0.0269 = ọdún 22.4.

Àmì ìyọkúrò méjèèjì á pa ara wọn rẹ́. Bí ìdáhùn yín bá jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ó ní ibi tí ẹ ti gbàgbé ọ̀kan.

Ìkìlọ̀ ńlá fún ẹni tó ń lo ìwé Four Figure Tables: nínú ìwé náà, log 0.94 máa jáde bí 1̄.9731, pẹ̀lú ìlà kékeré lórí 1, tí wọ́n ń pè ní bar. Ìlà yẹn kò bo 9731. Orí 1 nìkan ló wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni −1 + 0.9731, tó jẹ́ −0.0269. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kà á sí −1.9731, wọ́n á wá ní igún 400 máa ku 100 láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹ yí i sí nọ́ńbà gidi kí ẹ tó pín, ẹ má pín in tòun ti bar.

Ẹ tún wo ohun tí ìbéèrè fẹ́. Bó bá ní "lẹ́yìn odindi ọdún mélòó ni wọn kò ní tó 100 mọ́", 23 ni ìdáhùn. Ní ìparí ọdún kejìlélógún, ó ṣì ku nǹkan bí 103. Ọdún kẹtàlélógún ló máa já sí 96.

Bí ìdá ni wọ́n ní kí ẹ wá: ọ̀rọ̀ igún gidi

Igún 400 tí a ń lò látòkè, àpẹẹrẹ lásán ni. Èyí tó ń bọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn igún ilẹ̀ Áfíríkà, tó jáde ní 2016, wọ́n ṣírò pé irú igún tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ti dín ní nǹkan bí 83% láàárín ọdún 53, ìyẹn ìran igún mẹ́ta. Ìdá mélòó ló ń lọ lọ́dún?

Ọ̀pọ̀ á sáré pín 83 sí 53, wọ́n á ní 1.57%. Ẹ jẹ́ ká dán an wò: 0.9843 tí a gbé lé 53 jẹ́ nǹkan bí 0.43. Ìyẹn ni pé 43% ì bá ṣẹ́kù, nígbà tó jẹ́ pé 17% péré ló ṣẹ́kù. Kò bára mu. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ wá ìdá tó kù lápapọ̀: 100% − 83% = 17%, ìyẹn 0.17.
2. Ẹ gbé 0.17 lé (1 ÷ 53). Lórí ẹ̀rọ: 0.17 ^ (1 ÷ 53). Ẹ má gbàgbé àmì ìkámọ́ yẹn o. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ á gbé 0.17 lé 1 kó tó pín in sí 53.
3. Ohun tó jáde ni 0.9671. Òun ni ìdá tó ń kù lọ́dọọdún.
4. 1 − 0.9671 = 0.0329. Nǹkan bí 3.3% ló ń lọ lọ́dún.

Ẹ wo bí 3.3% ṣe kéré tó létí. Ẹni tó ń gbé láàárín wọn kò ní rí i lọ́dún kan sí èkejì. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún yìí ń yé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà èyí tó bá ti lọ ṣòro láti dípò.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ lọ́wọ́: ọ̀nà ìdajì

Ẹ pín 70 sí ìdá tó ń lọ. Ohun tí ẹ bá rí ni nǹkan bí iye ọdún tí yóò gbà kí gbogbo rẹ̀ tó di ìdajì. Fún 6%, 70 ÷ 6 jẹ́ nǹkan bí 11.7. Láti 400 dé 200 jẹ́ ìdajì kan, láti 200 dé 100 jẹ́ ìdajì kejì, nítorí náà ó tó ọdún 23. Ẹ rí i pé kò jìnnà sí 22.4 tí log fún wa. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún yíyẹ ìdáhùn wò. Mi ò ní fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn nínú ìwé ìdánwò.

Bí ìdá bá ṣe ń tóbi ni ọ̀nà yìí ṣe ń ṣìnà:

- 2%: ó ní ọdún 35, òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 34.3
- 6%: ó ní 11.7, òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 11.2
- 10%: ó ní 7, òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 6.6
- 20%: ó ní 3.5, òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 3.1

Bó bá ti kọjá 10%, ẹ padà sórí log.

Lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá dá fóònù dùbúlẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò inú rẹ̀ sábà máa ń ṣí àwọn bọ́tìnì mìíràn, xʸ á sì wà níbẹ̀. Nínú Excel tàbí Google Sheets, ẹ kọ =400*0.94^5. Bí ẹ bá fẹ́ rí ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ 400 sínú A1, ẹ kọ =A1*0.94 sínú A2, kí ẹ sì fà á wálẹ̀. Ọ̀nà yìí ni mo máa ń fi han àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi, nítorí ojú wọn ló máa rí bí iye náà ṣe ń yọ́ lọ.

Bí lẹ́tà "e" bá wà nínú ìbéèrè

Àwọn tó ń ṣe Further Mathematics máa bá P = P₀e⁻ᵏᵗ pàdé. Nọ́ńbà kan tí kì í yí padà ni e, nǹkan bí 2.718; k ni ìdá tí nǹkan fi ń dín. Èyí wà fún ohun tó ń dín nígbà gbogbo láìdúró de ìparí ọdún. Bí a bá fi k = 0.06 sí i fún ọdún 5, 400 × e⁻⁰·³ jẹ́ 296.3, kì í ṣe 293.6. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ má pààrọ̀ wọn. Bí ìbéèrè bá sọ pé "ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún", ẹ lo 0.94. Bó bá fún yín ní e tàbí k, ẹ lo èyí tó fún yín.

Ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ lò ó

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dín ló ń dín báyìí. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí ẹ fi iye ìgbà kọ̀ọ̀kan pín èyí tó tẹ̀ lé e. Bí èsì wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ lè lò ó. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ ṣọ́ra.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Bulgaria, tí èrò ibẹ̀ ń dín nítorí pé àwọn tó ń kú pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń bí, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti kó lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ìkànìyàn wọn fún 2001 jẹ́ 7,928,901, ti 2011 jẹ́ 7,364,570, ti 2021 sì jẹ́ 6,519,789. Ẹ pín èkejì sí èkíní: 0.929 ló kù. Ẹ pín ẹ̀kẹta sí èkejì: 0.885 ló kù. Bí a bá ka àlàfo kọ̀ọ̀kan sí ọdún 10, ìdá tó ń lọ lọ́dún kúrò ní nǹkan bí 0.74% ó di 1.21%. Ó ń yára sí i. Ẹni tó bá mú ìdá àkọ́kọ́ fi sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún 2021, nǹkan bí 6,840,000 ló máa rí, èèyàn tó lé ní 300,000 ló sì máa fi ṣì í. (Àbújá tiwa kò sí lójú ọ̀nà yìí rárá: 371,674 ni wọ́n kà ní 1991, 1,406,239 ni wọ́n kà ní 2006. Fún irú èyí, 1 + r lẹ ó lò.)

Adágún omi Chad náà, tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ, kò bá a mu. Ní àwọn ọdún 1960, ó tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980 fà á gbẹ kíákíá, lẹ́yìn náà omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ó sì ń dín bí òjò bá ṣe rí. Bákan náà ni adìẹ tí àrùn wọ̀ lára wọn: ìdajì lè kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ìyókù má sì kú mọ́. Kò sí ìdá kan pàtó níbẹ̀ tí ẹ lè gbé lé ọjọ́.

Ẹ dán ìwọ̀nyí wò kí ẹ tó wo ìdáhùn

a. Ọmọ 1,250 ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan. 4% ń dín lọ́dọọdún. Mélòó ló máa kù lẹ́yìn ọdún 8?

b. Ẹja 2,000 di 1,280 láàárín ọdún 2. Ìdá mélòó ló ń lọ lọ́dún?

d. Pẹ̀lú ìdá kan náà tí ẹ rí ní (b), lẹ́yìn odindi ọdún mélòó ni ẹja 2,000 náà kò ní tó 500 mọ́?

Ìdáhùn: (a) 1,250 × 0.96⁸, nǹkan bí 902. (b) 1,280 ÷ 2,000 = 0.64; a gbé e lé ½, ó di 0.8, nítorí náà 20%. (d) log 0.25 ÷ log 0.8 = 6.2, nítorí náà ọdún 7. Bí ẹ bá rí 6 fún (d), ẹ ka ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan: ní ìparí ọdún kẹfà, ẹja 524 ṣì wà nínú omi.